Ẹ Bi Ìyá Olùkọ́: Boron, Háídírójìn àti Iná Aláwọ̀ Ewé

Nínú àtẹ̀jáde tó kọjá, gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo fi mẹ́nu ba àwọn èròjà tí wọ́n ń pè ní borane, ìyẹn boron àti háídírójìn tó so pọ̀. Mo ní àwọn kan nínú wọn máa ń gbiná fúnra wọn bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn wọ́n. Gbólóhùn yẹn ló bí gbogbo lẹ́tà tó wà níwájú mi yìí, inú mi sì dùn dé ìdí. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi kọ́ kẹ́mísírì ní ilé ẹ̀kọ́ girama, n kò rí àyè fún borane rí, bẹ́ẹ̀ òun ni mo fẹ́ràn jù nínú ẹ̀kọ́ tí èmi fúnra mi kọ́ ní yunifásítì. Mo ti gé àwọn lẹ́tà tó gùn kúrú. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Olùkọ́. Wẹ́dà ni mí ní Òṣogbo, idẹ àti bàbà ni mo sábà máa ń jó pọ̀. Borax ò tíì tán ní ṣọ́ọ̀bù mi rí láti ìgbà tí mo ti ṣe fíríìdọ̀mù. Ọmọ mi ka ohun tí ẹ kọ sí mi létí, ó ní boron wà nínú borax. Ẹ̀rù bà mí. Ṣé ohun tó lè dá iná sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ni mo kó pamọ́? Iná mi náà a sì máa ní àwọ̀ ewé létí nígbà mìíràn.

Ẹ fọkàn balẹ̀, bàbá. Borax yín kò ní gbiná láéláé. Boron tó wà nínú rẹ̀ ti so mọ́ ọ́síjìn tán, kò tún ní ohun tó ń wá lọ́dọ̀ afẹ́fẹ́ mọ́. Ti borane ló yàtọ̀. Háídírójìn ni boron inú rẹ̀ so mọ́, bẹ́ẹ̀ ọ́síjìn ni boron fẹ́ràn jù. Bó bá ti rí ọ́síjìn, á já háídírójìn sílẹ̀, á dì mọ́ ọ́síjìn, ooru ńlá á sì jáde níbẹ̀. Háídírójìn tó já sílẹ̀ náà á tún jó ní tirẹ̀.

Mo mọ borax dáadáa, nítorí alágbẹ̀dẹ wúrà ni àbúrò bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìyẹ́ adìẹ ló fi máa ń tọ́ borax tó ti pò mọ́ omi sí ojú ibi tó bá fẹ́ so. Bó bá gbóná dé bíi 743°C, borax á yọ́, á sì jẹ gbogbo ìpẹtà tó bo ojú irin náà, kí èyí tí wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ lè ráyè ṣàn wọlé. Iṣẹ́ tó ń ṣe fún yín lórí idẹ náà nìyẹn. Àwọ̀ ewé tí ẹ ń rí létí iná, boron lè fà á, bàbà tó wà nínú idẹ náà sì lè fà á, nítorí náà ẹ má fi àwọ̀ nìkan dájọ́. Èéfín funfun tó ń jáde lára idẹ ni kí ẹ bẹ̀rù. Síǹkì ni, ó sì máa ń fa ibà àti òtútù fún ẹni tó bá ń fà á símú. Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé rí borax fi sẹ́nu.

Ọmọ yín á fẹ́ gbọ́ èyí: ilẹ̀ Túkì ló ní ìṣúra boron tó pọ̀ jù láyé, ìlú kan sì wà ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń wà á nílẹ̀, tí orúkọ ìlú náà gan-an ń jẹ́ Boron.

Ẹ kúulé o, ma. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọdún kejì. Olùkọ́ wa ya B₂H₆, borane tí wọ́n ń pè ní diborane, sójú pátákó, ó fi háídírójìn méjì sí àárín boron méjì, kálukú wọn so mọ́ boron méjèèjì. Láti SS1 ni wọ́n ti ń kọ́ wa pé háídírójìn kì í so mọ́ ju ẹyọ kan lọ. Èwo ni ká gbà?

Ọmọ mi, ìbéèrè yìí dá àwọn àgbà onímọ̀ láàmú fún bí ọgbọ̀n ọdún. Jókòó dáadáa, torí òun ni mo máa pẹ́ lé lórí jù lónìí.

Kọ́kọ́ ka ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó wà nílẹ̀, ìyẹn àwọn ohun tín-tìn-tín tí átọ́ọ̀mù fi ń so mọ́ra. Boron kọ̀ọ̀kan mú 3 wá, ti méjèèjì jẹ́ 6. Háídírójìn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan wá, 6 mìíràn nìyẹn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 12. Bí o bá wá fẹ́ ya B₂H₆ bí wọ́n ṣe ń ya ethane, C₂H₆, gáàsì tó ní kábọ́ọ̀nù méjì níbi tí èyí ní boron méjì, ìdè méje lo máa nílò, ìdè kọ̀ọ̀kan á sì gba ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì. 14 ni o ń wá, 12 lo ní. Méjì dín, kò sì sí ibi tí o ti lè yá a.

Wo ohun tí mólékù náà ṣe. Háídírójìn mẹ́rin lọ sí ẹ̀gbẹ́, méjì lọ́dọ̀ boron kọ̀ọ̀kan, wọ́n so bí gbogbo háídírójìn ṣe ń so. 8 lọ nínú ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù. 4 ló kù, mẹ́rin yìí ló sì gbọ́dọ̀ di boron méjèèjì àti háídírójìn méjì tó kù mú. Nítorí náà ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì na ara wọn ká orí átọ́ọ̀mù mẹ́ta: boron, háídírójìn, boron. Ènìyàn mẹ́ta ló sùn lórí ẹní ẹni méjì. Irú ìdè bẹ́ẹ̀ wà lókè, ọ̀kan sì wà nísàlẹ̀, boron méjèèjì wà láàárín wọn. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, ìwọ̀n náà jẹ́rìí: láti boron dé háídírójìn ẹ̀gbẹ́, nǹkan bíi 119 picometre ni (picometre kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan mílímítà), láti boron dé háídírójìn àárín, ó tó 133. Ìdè tí wọ́n pín láàárín mẹ́ta gùn jù, kò sì le tó ìdè àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Òfin tí wọ́n kọ́ ọ ní SS1 kò parọ́. Ó ń ṣiṣẹ́ fún omi, ó ń ṣiṣẹ́ fún ọtí, ó ń ṣiṣẹ́ fún gáàsì ìdáná. Àwọn ibi tí ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ni wọ́n ti rí òfin náà. Boron wá láti ibi tí kò ti tó.

Mo fẹ́ kó o mọ àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí. Alfred Stock ni ẹni àkọ́kọ́, ará Jámánì. Lọ́dún 1912 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ lórí borane ní ìlú Breslau, tó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà, tó sì ti di Wrocław ní ilẹ̀ Poland lónìí. Á da ásíìdì sórí magnesium boride, onírúurú gáàsì á sì jáde pa pọ̀. Àwọn tó gbìyànjú ṣáájú rẹ̀ kò rí ojútùú, nítorí afẹ́fẹ́ máa ń jó o, omi náà máa ń bà á jẹ́. Stock mọ odindi ẹ̀rọ kan tó jẹ́ kìkì ọ̀pá gíláàsì, ó fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ó sì ń fi òtútù líle ya gáàsì kan kúrò lára èkejì. Kò lè fi gíríìsì dí ojú ọ̀pá náà, torí borane á bá a jà, nítorí náà mákúrì ló fi ṣe ìlẹ̀kùn rẹ̀. Nínú ọ̀pá yẹn ló ti rí B₂H₆, B₄H₁₀, B₅H₉, B₆H₁₀ àti B₁₀H₁₄. Títí di òní ni wọ́n ṣì ń lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún ohunkóhun tí afẹ́fẹ́ kò gbọ́dọ̀ kàn.

Mákúrì náà ló ṣe é léṣe. Ooru rẹ̀ tó ń fà símú láti ọdún dé ọdún fún un ní ẹ̀fọ́rí, ó sì mú kó máa gbàgbé nǹkan. Nígbà tó mọ ohun tó ń ṣe òun, ó kọ ọ́ jáde lọ́dún 1926 kí àwọn onímọ̀ yòókù lè ṣọ́ra, kò sì dẹ́kun ìkìlọ̀ náà títí tó fi kú lọ́dún 1946. Mo bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin yìí nítorí borane, mo sì bọ̀wọ̀ fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí ìkìlọ̀ yẹn.

Stock ti kó borane jọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe rí nínú ṣì ṣókùnkùn. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Dilthey ti dábàá lọ́dún 1921 pé háídírójìn lè wà láàárín boron méjì. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò kà á sí, wọ́n ṣì ń yà á bí ethane. Lọ́dún 1943 ni H. C. Longuet-Higgins, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì gboyè ní Oxford nígbà náà, pẹ̀lú R. P. Bell tó ń kọ́ ọ, tún gbé ọ̀rọ̀ náà dìde pẹ̀lú ẹ̀rí tó múná. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tìrẹ ni, ọmọ mi, ó sì béèrè ohun tí ìwọ náà béèrè. Ìwọ̀n tí Hedberg àti Schomaker wọ̀n lọ́dún 1951 ló parí àríyànjiyàn náà.

William Lipscomb, ará Amẹ́ríkà, ló wá tọpa àwọn borane ńláńlá. Ó mú kí wọ́n dì nínú òtútù, ó fi X-ray yẹ̀ wọ́n wò, ó sì rí i pé boron inú wọn máa ń kó ara wọn jọ bí àgò, torí pé bí ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù ò bá tó, àfi kí gbogbo wọn súnmọ́ra kí wọ́n jọ lò ó. Iṣẹ́ yìí ló gba Ẹ̀bùn Nobel fún un lọ́dún 1976. Èyí tó rẹwà jù lójú mi ni àgò boron 12 tí wọ́n ń kọ ní B₁₂H₁₂²⁻: igun 12, ojú 20, boron kan ní igun kọ̀ọ̀kan, gbogbo igun sì dọ́gba. Bí o bá rí bébà líle, gé ojú onígun mẹ́ta 20, kí o lẹ̀ wọ́n pọ̀ kó o lè gbé e dání. Ìgbà náà ni á yé ọ. Lẹ́yìn náà, lọ ka òfin Kenneth Wade ti ọdún 1971, tó jẹ́ kéèyàn lè ka ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù kó sì mọ irú àgò tó máa jáde.

Ìyá wa, ẹ kú ojúmọ́. Losartan ni màmá mi ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ nípa ìpoògùn ní boron ni wọ́n fi ṣe é. Láti ìgbà tí màmá ti gbọ́ ni wọn ò ti fẹ́ fi kan ẹnu mọ́. Ẹ bá wa dá sí i. Láti Abẹ́òkúta.

Ẹ sọ fún màmá pé kí wọ́n lo oògùn wọn lónìí. Kò sí boron nínú losartan, átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí ọmọ yẹn sọ ṣá o: wọ́n máa ń lo boron nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é ní ilé iṣẹ́, boron á sì ti jáde kí oògùn tó di oògùn. Mo máa ṣàlàyé bó ṣe jẹ́, nítorí ìtàn ibẹ̀ dùn mọ́ mi.

Lọ́dún 1936, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Herbert Brown gboyè ní Yunifásítì Chicago. Owó ò sí lóde nígbà náà ní Amẹ́ríkà. Ọmọbìnrin tó ń fẹ́, Sarah Baylen, lọ ra ìwé fún un láti fi bá a yọ̀. Ìwé kẹ́mísírì tó pọ́ọ́kú jù ní ṣọ́ọ̀bù náà ló rà, dọ́là méjì àti sẹ́ǹtì mẹ́fà. Ìwé Alfred Stock lórí borane ni. Brown kà á, ọ̀rọ̀ náà sì gbà á lọ́kàn títí ayé rẹ̀. Ó fẹ́ Sarah náà.

Nígbà ogun àgbáyé kejì, òun àti ọ̀gá rẹ̀ Schlesinger ń wá èròjà yùréníọ̀mù tó lè di gáàsì fún ìjọba Amẹ́ríkà. Lẹ́nu iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ti rí sodium borohydride, NaBH₄, ìyẹ̀fun funfun tí kò ní wàhálà borane rárá. Ẹ lè fi ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ bù ú nínú afẹ́fẹ́. Kò sí yàrá ìwádìí kẹ́mísírì tó dúró dáadáa tí kò ní in lónìí. Lọ́dún 1956, ní Yunifásítì Purdue, Brown àti Subba Rao tó wá láti Íńdíà rí ohun tó tóbi ju ìyẹn lọ. Wọ́n fi borane kan èròjà kábọ́ọ̀nù tó ní ìdè méjì láàárín kábọ́ọ̀nù, boron sì gun orí kábọ́ọ̀nù kan, háídírójìn gun orí èkejì, kíákíá, láìsí wàhálà. Ẹ rántí pé ebi ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù ló ń pa boron, ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù sì pọ̀ nínú ìdè méjì. Bí wọ́n bá tún fi hydrogen peroxide àti omi sódà kọ́sítíìkì sí i, boron á jáde, ọ́síjìn àti háídírójìn á bọ́ sí ipò rẹ̀. Ó di irú èròjà tí wọ́n ń pè ní ọtí nínú kẹ́mísírì, ó sì jẹ́ pé orí kábọ́ọ̀nù tí ọ̀nà àtijọ́ kì í fi í sí gan-an ló bọ́ sí. Brown gba Ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1979, òun àti Georg Wittig.

Ará Japan kan, Akira Suzuki, ka ìwé Brown, ó sì wá bá a ṣiṣẹ́ ní Purdue lọ́dún 1963. Nígbà tó padà sí Yunifásítì Hokkaido ní Japan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo boron láti fa kábọ́ọ̀nù mọ́ kábọ́ọ̀nù. Ọ̀nà tí òun àti Miyaura, akẹgbẹ́ rẹ̀, gbé jáde lọ́dún 1979 nìyí: boron di èròjà kábọ́ọ̀nù kan mú, palladium, irin iyebíye kan, di òmíràn mú, boron á fi tirẹ̀ lé palladium lọ́wọ́, èròjà méjèèjì á so pọ̀, boron á sì bá omi lọ. Nobel ti ọdún 2010 nìyẹn. Losartan ní òrùka kábọ́ọ̀nù méjì tó so mọ́ra bẹ́ẹ̀ nínú ara rẹ̀, ọ̀nà Suzuki yìí sì ni wọ́n gbà so wọ́n nígbà tí wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe máa ṣe é lọ́pọ̀ yanturu.

Ẹ sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n yín pé bó bá ń wá oògùn tí boron wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, kó ka bortezomib, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2003 fún irú jẹjẹrẹ kan tó ń mú mùdùnmúdùn egungun. Kó sì máa parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà tó bá ń bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀ oògùn. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dúró de ẹni tó dáwọ́ oògùn dúró.

Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ yín ni mí ní Ìlọrin. Mo ní NaBH₄ díẹ̀, mo sì fẹ́ da ásíìdì sí i kí àwọn ọmọ SS3 rí diborane tó ń gbiná. Kí ni ẹ rò?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín, mo sì sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mọ bí yàrá ìwádìí wa ṣe rí, tó jẹ́ pé fèrèsé nìkan ni ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde níbẹ̀. Iná rẹ̀ nìkan kọ́ ló burú. Ìwọ̀n tí Amẹ́ríkà gbà kó wà nínú afẹ́fẹ́ ibi iṣẹ́ jẹ́ ìdá 0.1 nínú mílíọ̀nù kan, imú èèyàn kò sì lè gbóòórùn rẹ̀ àfi tó bá ti pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Kí ọmọ kan tó sọ pé "Ma, nǹkan ń rùn," ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti gbà á. Ẹ ra boric acid ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísírì, ẹ fi òkè wáyà tó tutù mú díẹ̀, ẹ gbé e sínú iná tí kò láwọ̀. Àwọ̀ ewé tó mọ́lẹ̀ á jáde. Ẹ wá ya B₂H₆ sójú pátákó, kí ẹ ní kí wọ́n ka ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Nígbà tí méjì bá dín, ẹ ó rí bí kíláàsì ṣe máa dákẹ́.

Mo máa ń rí iná aláwọ̀ ewé nídìí rọ́kẹ́ẹ̀tì Falcon 9 kó tó gbéra. Ṣé borane náà nìyẹn? Ọmọdékùnrin ọdún mẹ́rìnlá, Àkúrẹ́.

Ìbátan rẹ̀ ni, ojú rẹ sì mú! Triethylborane ni, boron tí kábọ́ọ̀nù rọ́pò háídírójìn lára rẹ̀. Bó bá ti pàdé ọ́síjìn, ó gbiná, wọn ò nílò ìṣáná. Wọ́n lò ó bẹ́ẹ̀ fún rọ́kẹ́ẹ̀tì Saturn V tó gbé èèyàn lọ sínú òṣùpá, wọ́n sì lò ó fún ọkọ̀ òfurufú SR-71. Ní àwọn ọdún 1950, Amẹ́ríkà tiẹ̀ fẹ́ sọ borane fúnra rẹ̀ di epo ọkọ̀ òfurufú, torí ooru rẹ̀ ju ti kẹrosíìnì lọ. Ṣùgbọ́n bí boron bá jó tán, ohun tó máa ń kù lẹ̀ pẹ́kípẹ́kí mọ́ inú ẹ́ńjìnnì, májèlé rẹ̀ sì pọ̀. Wọ́n pa iṣẹ́ náà tì lọ́dún 1959.

Ìyá Olùkọ́, jẹjẹrẹ ọ̀fun ń bá bàbá wa jà. Wọ́n ní àwọn ará Japan ń fi boron wò ó. Ẹnì kan lórí WhatsApp wá ní ká máa po borax mọ́ omi fún wọn láràárọ̀. A ti rà á. Ẹ gbà wá nímọ̀ràn.

Ẹ má fún wọn ní borax. Ó máa ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Kò wo jẹjẹrẹ kankan.

Ohun tí ẹ gbọ́ nípa Japan kì í ṣe irọ́, ó kàn yàtọ̀ pátápátá sí èyí ni. Nínú boron tó wà láyé, bí ìdá kan nínú márùn-ún jẹ́ irú kan tí wọ́n ń pè ní boron-10. Bí niútírọ́ọ̀nù, èérún kan tó máa ń wà nínú átọ́ọ̀mù, bá rọra rìn wá kọlù ú, ó máa ń fọ́ sí méjì, àwọn èérún rẹ̀ kì í sì í rìn kọjá ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì kan. Gordon Locher ló dábàá lọ́dún 1936 pé bí boron yìí bá lè wọ inú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, sẹ́ẹ̀lì náà nìkan ló máa kú, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á yè. Ọ̀kan nínú oògùn tí wọ́n ti lò fún un, BSH, àgò boron 12 tí mo sọ lókè fún ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n fi ṣe é. Lọ́dún 2020 ni Japan fọwọ́ sí ìtọ́jú yìí, pẹ̀lú oògùn boron mìíràn, fún jẹjẹrẹ orí àti ọrùn tí kò ṣe é fi iṣẹ́ abẹ yọ tàbí tó tún padà wá. Ẹ̀rọ ńlá tó ń mú niútírọ́ọ̀nù jáde ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Boron nìkan, láìsí niútírọ́ọ̀nù, kò lè pa jẹjẹrẹ.

Ẹ mú gbogbo ìwé àyẹ̀wò bàbá lọ bá dókítà jẹjẹrẹ, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní tààrà bóyá iṣẹ́ abẹ àti ìtànṣán ṣì ṣeé ṣe, torí àwọn yẹn ló sún mọ́ yín, wọ́n sì ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn là. Bí bàbá bá ti mu nínú borax náà, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lónìí, kí ẹ mú ike rẹ̀ dání, kí ẹ sì sọ iye tí wọ́n ti mu.